Kòkòrò Tó Gba Ààyè Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ká ní Akínbọ́lá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti rántí òwe yìí láàárọ̀ tó wọ Adó, bóyá kì bá tí rìn tó bó ti rìn. Ṣùgbọ́n Olúwa kì í ṣí gbogbo fèrèsé fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò ju àpò lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Ó jókòó nínú iyàrá iwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí ní Òkè-Ìlá, iyàrá tí wọ́n ti sọ di ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń yí àpò náà síwá sẹ́yìn lójú fèrèsé. Orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ dúdú wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdajì òǹtẹ̀ náà ti lọ, bí òṣùpá tí ìkùukùu bò lápá kan. Níbi tó yẹ kí sítáǹbù wà, àmì onígun mẹ́rin lásán ló kù, ó pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà.

"Ẹ̀yin ọ̀gá," Adébíyìí ní, ó ń nu ọrùn, "mo fi Bíbélì búra pé n kò..."

"Tíṣà, má tíì búra. Èmi kò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan."

Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Adébíyìí, tíṣà ilé ìwé ni. Òun ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń gba lẹ́tà gbogbo ìlú tí ó sì ń pín in. Ọ̀gá àwọn onífìwéránṣẹ́ ti ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọn kò bá mọ ẹni tó fọwọ́ kan lẹ́tà kí òun tó dé, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Adébíyìí, wọn yóò sì mú un lọ sí kóòtù. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ orúkọ olè nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí, ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n kọ́ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Akínbọ́lá ṣí fìlà, ó dijú. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Baba, jẹ́ kí n rí i," ó ní, "kí n sì rí i pẹ̀lú àánú." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó kọjú sí ẹni kẹta tó wà nínú iyàrá.

Kálílù lẹni náà, Kóráà, àlejò láti òkè òkun, tó ń ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti pẹ́ ní Adó débi pé ohùn Èkìtì ló fi ń sọ Yorùbá, àwọn ọmọdé a sì máa tẹ̀ lé e kiri kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń pe ilé ní ulé.

"Ẹ̀yin lẹ ni lẹ́tà?"

"Èmi ni. Láti ulé wa ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti wá."

"Wọ́n mú nǹkan kan nínú rẹ̀ bí?"

"Wọn kò mú nǹkan kan. Ìwé inú rẹ̀ pé."

Akínbọ́lá wò ó. "Ẹ ti ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ti dé etí yín. Sítáǹbù tí wọ́n ti lù ní òǹtẹ̀, kò tún wúlò fún nǹkan kan mọ́. Kí ló dé tí ẹ fi kígbe títí dé Àkúrẹ́?"

Kálílù ń fi àtàǹpàkò pa etí tábìlì.

"Ìyá mi kò mọ̀wé," ó ní níkẹyìn. "Ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ọ́. Ẹlòmíràn ló kọ orúkọ mi síta. Sítáǹbù yẹn nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀. Ó ti darúgbó, ọ̀gá. Mo kàn fẹ́ rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bà ni."

Adébíyìí sọ orí kọ́.

"Kí ni wọ́n yà sára rẹ̀?"

"Kòkòrò."

"Kí lẹ wí?"

"Kòkòrò tó ń ṣe òwú. Aṣọ dáadáa ni wọ́n ń fi òwú rẹ̀ hun ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ya kòkòrò náà, wọ́n ya ìtẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya labalábá tó ń jáde níbẹ̀. Ìyá mi ń sin ín láti ọmọdé. Ìdí nìyẹn tó fi mú irú sítáǹbù yẹn."

"Orí ọba tó máa ń wà lára sítáǹbù ńkọ́?"

"Kò sí orí ọba níbẹ̀."

"Òótọ́ ni, ọ̀gá," Adébíyìí gba ọ̀rọ̀ náà. "Èmi náà fi ojú mi rí i nígbà tí lẹ́tà dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní irú ìlú wo rèé, tí wọ́n gbé kòkòrò jókòó sípò ọba!"

"Ta lo sọ bẹ́ẹ̀ fún?"

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fi rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ alẹ́ ni."

Akínbọ́lá mi orí. Ọ̀rọ̀ náà gba etí rẹ̀ kọjá lọ bí ẹyẹ tó fò kọjá lójú fèrèsé. Ó rí i, kò sì rí i.

*

Lẹ́tà náà ti sun oorun Àbámẹ́ta àti ti Ìsinmi nínú ilé Adébíyìí, nítorí Kálílù lọ sí Ìlawẹ̀, ilé ìtajà rẹ̀ sì wà ní títì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Jùbrílù ló wá gbà á. Jùbrílù ni télọ̀ tó ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kálílù, òun ló sì máa ń bá a gba lẹ́tà. Adébíyìí kó ìdì lẹ́tà lé e lọ́wọ́ láìwo ojú wọn, ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Kálílù, Kálílù sì figbe ta.

Nígbà tí wọ́n pe Jùbrílù wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi dé.

"Jùbrílù, wọ́n ní ìwọ lo jí kòkòrò."

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, bí mo bá fẹ́ jí kòkòrò, ẹ̀wà tó wà nílé mi ti tó mi. Kòkòrò pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀wà lọ."

"Ṣé ẹ rí i!" Adébíyìí ní. "Ó ń fi ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́."

"Tíṣà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹ̀rù bá ti ń bà mí, ẹ̀rín ni í máa pa mí. Nígbà tí wọ́n ń sìnkú àna mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù mí."

Akínbọ́lá pàápàá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu: ó fi ahọ́n kan ojú ibi tí sítáǹbù ti kúrò. Ó mú ojú le. Ó fi ìka méjì pa ibẹ̀.

"Ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n fi gé e," ó ní. "Èékánná kọ́ ni wọ́n fi ha á, ojú ìwé kò ya rárá. Ńṣe ni wọ́n rẹ ẹ́ títí gọ́ọ̀mù fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi lásán kì í mú kí ìwé pọ́n báyìí, kì í sì í ta ahọ́n. Omi eérú ni."

"Omi eérú!" Adébíyìí fò dìde. "Ta ló ń lo omi eérú ní Adó bí kò ṣe àwọn ọlọ́ṣẹ àtàwọn aláró? Aláró sì ni Sìmíátù, ìyàwó Jùbrílù!"

Ẹ̀rín Jùbrílù gbẹ. "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀," ó ní wẹ́rẹ́. "Bó bá di dandan kí ẹ mú ẹnì kan, ẹ mú mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gún tó. Ọkọ ló gbé lẹ́tà, ìyàwó ló ni omi eérú. Ọlọ́pàá mìíràn ì bá ti mú okùn jáde. Akínbọ́lá mú fìlà rẹ̀, ó ní kí Jùbrílù ṣíwájú.

*

Ìkòkò aró Sìmíátù tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn ilé. Obìnrin náà ń yí aṣọ nínú ọ̀kan nígbà tí wọ́n dé. Kò fi yíyí náà sílẹ̀.

"Ẹ kú àtàárọ̀, ẹ̀yin bàbá. Mo ti gbọ́. Gbogbo Òkè-Ìlá ló ti gbọ́. Wọ́n ní mo jẹ kòkòrò Kóráà."

"Wọn kò ní o jẹ ẹ́," Akínbọ́lá ní.

"Ọjọ́ ò tíì lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní mo fi se ọbẹ̀."

Akínbọ́lá fa ìwé funfun kan yọ lápò. "Ìyá, bá mi mú ìwé yìí. Nu ọwọ́ rẹ dáadáa ná."

Sìmíátù fi etí ìró nu ọwọ́, ó tún nu ún, ó gba ìwé náà, ó mú un fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a padà. Ìka márààrún ló jáde sára rẹ̀ ní àwọ̀ aró, gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ pé ṣánṣán.

"Kì í lọ mọ́," ó ní. "Láti ìgbà ọmọge mi ni."

"Ìrẹsì mi pàápàá ń jẹ́rìí sí i," Jùbrílù dá sí i.

"Àbí ìrẹsì náà ò dùn?"

"Mo ní kò dùn ni?"

Akínbọ́lá mú àpò lẹ́tà náà jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Kò sí àmì aró kan ṣoṣo lára rẹ̀, níwájú tàbí lẹ́yìn. Ẹni tó bá rẹ ìwé nínú omi, tó ń fi ìka bó sítáǹbù díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ́ aláró, ìwé náà ì bá ti jọ àdìrẹ.

"Ọwọ́ yìí kọ́," ó ní. "Jùbrílù, ìyàwó rẹ ti fi ìka rẹ̀ gbà ọ́ sílẹ̀."

Sìmíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí aṣọ inú aró, ṣùgbọ́n ó ń fi èjìká nu omijé. Jùbrílù lọ dúró tì í, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ inú ìkòkò, ó ń bá a yí i.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù," Akínbọ́lá ní. "Àwọn wo ló máa ń bu omi eérú lọ́dọ̀ rẹ?"

"Gbogbo àdúgbò. Kí ni wọn yóò fi fọ aṣọ tó ti kó ìdọ̀tí?"

*

Akínbọ́lá padà wá jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ Adébíyìí, ọ̀rọ̀ náà sì rú u lójú. Bí gbogbo àdúgbò bá ní omi eérú, kò sí ẹni tí kò ní i. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: kí ló dé tó fi jẹ́ omi eérú? Bí èmi bá fẹ́ bó sítáǹbù, omi àmù ni n ó dà sí i. Ọmọdé pàápàá yóò fi itọ́ sí i. Ta lẹni tó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé gọ́ọ̀mù kì í gbọ́ ti omi, àfi ti eérú?

Ó tún gbé àpò náà sókè. Nígbà náà ló rí i. Fọ́nrán kan há sínú gọ́ọ̀mù tó kù, ó tínrín, àwọ̀ ewé gbígbẹ ni. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Jùbrílù, ẹni tó ti tẹ̀ lé e dé kí Adébíyìí lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun. Ó yọ fọ́nrán náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òwú ni," Adébíyìí ní. "Ara aṣọ Jùbrílù ló ti wá."

"Jùbrílù, fún mi ní òwú rẹ díẹ̀."

Akínbọ́lá ṣáná. Ó fi iná kan òwú Jùbrílù: ó jó ràì, ó di eérú funfun, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ìwé tó jóná. Ó bù díẹ̀ nínú fọ́nrán tó yọ lára lẹ́tà, ó fi iná kàn án. Èyí kò jó ràì. Ó ká sókè, ó di kóró dúdú, òórùn kan sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Jùbrílù fa imú. "Ta ló ń jó irun?"

"Irun kì í gùn tó báyìí," Akínbọ́lá ní. "Òwú yìí kò hù láti inú ilẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ló ṣe é."

Ìgbà yẹn gan-an ni Sìmíátù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àyọ̀kẹ́, ìyàwó Adébíyìí, sì ń gbé omi mímu bọ̀ fún àlejò. Obìnrin tí kì í pariwo ni Àyọ̀kẹ́, ìyá Folúkẹ́. Láti òwúrọ̀, Akínbọ́lá kò tíì gbọ́ ju ẹ kú iṣẹ́ lọ lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Sìmíátù rí i bẹ́ẹ̀, àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ó sì ṣe bí àwa Yorùbá ti máa ń ṣe bí inú ẹni tí a fẹ́ràn bá bàjẹ́: ó kì í.

"Àyọ̀kẹ́ mi, má sunkún mọ́, ọmọ Olúfúnṣọ́.
Ọmọ a-gungi-má-wèso,
ọmọ a-bá-kòkòrò-mulẹ̀.
Kòkòrò kọ́lé, kò gbénú ẹ̀ pẹ́,
ó fò lọ, ó fi aṣọ sílẹ̀.
Baba wọn hun ún, ọba wọ̀ ọ́,
sányán, baba aṣọ!"

Igbá omi náà yẹ̀ lọ́wọ́ Àyọ̀kẹ́. Omi dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kíá láti nu ún.

Akínbọ́lá wo omi tó ń ṣàn lọ lórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti gba etí rẹ̀ kọjá láàárọ̀ padà wá, ó bà, ó sì jókòó. Tíṣà ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Ta ló gbé oúnjẹ náà wá?

"Ìyá Folúkẹ́," ó ní pẹ̀lẹ́, "bá mi bu omi mìíràn. N ó bá ọ dé ìdí àmù."

*

Nínú ọgbà ẹ̀yìn, Akínbọ́lá jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Ọmọ mi, bí a bá fẹ́ tú òwú sányán, kí la ń fi se ìtẹ́ kòkòrò rẹ̀?"

Àyọ̀kẹ́ kò gbé ojú sókè. "Omi eérú ni, bàbá."

"Omi lásán ńkọ́?"

"Kì í gbà. Oje rẹ̀ le. A lè fi omi sè é títí di alẹ́, yóò kàn máa wo ni."

"Bí ẹni tó dàgbà sídìí irú iṣẹ́ yẹn bá rí ohun tí oje mú mọ́lẹ̀, tó sì fẹ́ kó jọ̀wọ́ rẹ̀ láìya, kí ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn?"

Àyọ̀kẹ́ ń wo adìyẹ kan tó ń họ ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Tó bá sì rẹ ẹ́ tán, tó fẹ́ kí ìwé náà gbẹ, bóyá yóò ká a sáàárín aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Bóyá ìborùn sányán tí baba rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ."

"Bàbá," Àyọ̀kẹ́ ní, ó sì kúnlẹ̀, "n kò jí i. Mo fẹ́ dá a padà ni."

"Dìde. Jókòó, kí o sọ fún mi."

Ó sọ ọ́. Olúfúnṣọ́, baba rẹ̀, ní oko lójú ọ̀nà Ìyìn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń wá ìtẹ́ kòkòrò sányán lórí igi. Àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, wọ́n di akọ̀wé lókè òkun, nígbà tí wọ́n bá sì wá sílé, wọ́n á ní kí bàbá má sọ fún àlejò wọn pé òun ń bá kòkòrò ṣiṣẹ́. Ìyàwó tíṣà ni òun náà. Ọkọ òun kò fẹ́ kí òun se ìtẹ́ sányán nínú ọgbà, nítorí òórùn rẹ̀ ń lé àwọn tó wá gba lẹ́tà. Òun kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ojú baba òun ti ń ṣe bàìbàì. Bó pẹ́ bó yá, kò ní rí nǹkan kan mọ́.

"Nígbà tí bàbá Folúkẹ́ ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, mo dìde lẹ́yìn tó jẹun tán, mo lọ wò ó. Bàbá, kòkòrò wa ni! Ìtẹ́ rẹ̀ àti labalábá rẹ̀. Kì í ṣe tiwa gan-an, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, bí ènìyàn ti ń mọ ojú ẹbí. Wọ́n gbé e sí ibi tí à ń gbé orí ọba sí. Mo ní kí bàbá mi rí èyí kí ojú rẹ̀ tó kú. Kó mọ̀ pé níbì kan láyé yìí, uṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sín."

Ohùn ilé bàbá rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀.

"Lẹ́yìn ìsìn Àárọ̀ Ìsinmi ni mo mú un lọ. Mo rò pé n ó mú un padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n tún un lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́, ó dì í mú. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ń bi mí pé báwo ni ìwo orí rẹ̀ ti rí, kí ni àwọ̀ ìyẹ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní n ó padà wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, Kóráà ti figbe ta, wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní olè, ẹ̀rù sì bà mí láti lọ gbà á."

"O sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọ̀rẹ́ rẹ."

"Omi eérú rẹ̀ ni mo lò. Láti òwúrọ̀ yìí, bàbá, mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ẹnu. Nígbà tó wá ń kì mí, mo fẹ́ kú."

Igi ilẹ̀kùn dún. Adébíyìí dúró síbẹ̀. Wọn kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Àyọ̀kẹ́ bo ojú.

Adébíyìí rìn wá, ó rìn bí ẹni tó ń ru ẹrù. Wọ́n rò pé yóò bú u. Ó dúró níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Àyọ̀kẹ́," ó ní. Kò pè é ní ìyá Folúkẹ́. "Èmi kọ́ ni mo ní kí o má se sányán mọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Bí o bá ti sọ fún mi pé o fẹ́ fi han bàbá, n bá ti rẹ́rìn-ín sí i. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó nawọ́ sí i, ó fà á dìde. Ó yíjú sí Akínbọ́lá. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"N kò tíì mú kálámù," Akínbọ́lá ní. "Ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù ni yóò sọ bóyá wọ́n jí i tàbí wọ́n yá a. Bí Kóráà bá ní wọ́n yá a, kò sí ẹjọ́ tí ọ̀gá Àkúrẹ́ fẹ́ gbọ́. Bó bá ní wọ́n jí i, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ pè é. A ń lọ sí ọ̀nà Ìyìn."

*

Olúfúnṣọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó na ojú sí oòrùn bí ẹni tó ń yá iná. Fìlà sányán ló dé, ó ti gbó, ó sì ń dán síbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ pọ̀ lónìí," ó ní. "Àyọ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ta ni àwọn yòókù?"

"Bàbá, èmi ni, àna yín." Adébíyìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ọ̀gá ọlọ́pàá sì wà níbí, pẹ̀lú ẹni tó ni kòkòrò yẹn."

Àyọ̀kẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún baba rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ojú arúgbó náà rọ̀. Ó tẹ́tí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó tú etí rẹ̀ tó ká sínú, ó fi ìka méjì fa sítáǹbù náà yọ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.

"Ọmọ mi ṣe àìdára," ó ní. "Ìfẹ́ mi ló bà á lójú jẹ́. Àlejò, níbo lo wà? Gba nǹkan rẹ. Má bínú."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún Kálílù ní Òkè-Ìlá, ó kàn mú ọ̀pá rẹ̀ ni, ó tẹ̀ lé wọn. Akínbọ́lá ń wo ojú rẹ̀, ó ń gbàdúrà nínú.

Kálílù gba sítáǹbù náà. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti bà á, ó fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá arúgbó náà, nínú eruku, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ẹ kú ulé, bàbá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Olúfúnṣọ́. "Ta ló kọ́ Kóráà ní ulé?"

"Adó ló kọ́ mi. Bàbá, wọn kò jí i. Wọ́n yá a ni." Ó wo Akínbọ́lá bó ti ń wí bẹ́ẹ̀. Akínbọ́lá ṣí fìlà, ó wo òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, Àyọ̀kẹ́ di apá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ṣé ó dà bíi tiyín lóòótọ́?" Kálílù bi í.

"Ojú mi kò dá a mọ̀ tán. Ìwo orí rẹ̀ dà bíi tiwa. Sọ fún mi: àwọn tiyín, ulé kan ni gbogbo wọn ń kọ́?"

"Rárá, bàbá. Tiwa, olúkúlùkù ló ń kọ́ tirẹ̀. Yóò dá sé ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ni."

Olúfúnṣọ́ mi orí, ó káàánú. "Óò. Tiwa kì í dá gbé. Wọn a pé jọ, kékeré, ńlá, wọn a kọ́ ulé kan ṣoṣo, gbogbo wọn a sùn síbẹ̀. Bí o bá fi etí lé e, o ó máa gbọ́ wọn nínú. Àkókò wọn nìyí. Ọ̀kan wà lórí igi lẹ́yìn ahéré yìí tí ó tó orí ọmọdé. N kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ibẹ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti ìhà Ìyìn, ó gbé òórùn ewé tútù. Kálílù mú ọwọ́ arúgbó náà, ó fi sítáǹbù náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ mú mi lọ síbẹ̀."